Bàbá wa ò sùn lóru mọ́ látìgbà tí ẹ̀rọ àyà wọn ti gbé wọn, ẹ gbà wá nímọ̀ràn

ỌmọÒmùÀrán

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ mi máa gùn díẹ̀. Bàbá wa ni. Tísà tó ti fẹ̀yìntì ni wọ́n, Òmù-Àrán ni wọ́n ń gbé pẹ̀lú màámi, èmi wà ní Tanke níbí. Ọkàn wọn ò fi bẹ́ẹ̀ lágbára mọ́, nígbà tó wá di pé ó tún ń sáré àsápajúdé lójijì, wọ́n fi ẹ̀rọ kékeré kan tí wọ́n ń pè ní ICD sí wọn lábẹ́ awọ àyà, lápá òsì, lẹ́bàá èjìká. Kiní yẹn ló ń ṣọ́ ọkàn, tó bá ti rí i pé eré rẹ̀ ti kọjá bó ṣe yẹ, ó máa ta iná sí i kó lè padà sípò.

Ó ti ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan rí. Wọ́n ń fọnu láàárọ̀ ló bá gbé wọn, bàbá ní ṣe ló dà bíi pé ẹṣin ta àwọn nípàá láyà. Dókítà ní ká máa dúpẹ́, pé ẹ̀rọ yẹn ló dá ẹ̀mí wọn padà lọ́jọ́ náà, a sì dúpẹ́ lóòótọ́. Àmọ́ látìgbà yẹn oorun ti di ìjà. Wọ́n á jókòó sórí àga ní pálọ̀ pẹ̀lú rédíò, ojú wọn á là kalẹ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́, tó bá wá di ọ̀sán wọ́n á máa tòògbé. Wọn ò wọ yàrá sùn mọ́. Ọmọ àbúrò mi ọkùnrin là ní kó máa sùn tì wọ́n pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì kó lè máa yọjú wò wọ́n. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì náà ń gbìyànjú, wọ́n máa ń wá gbàdúrà lálaalẹ́ títí di aago 11, àwọn ẹbí tó wà l'Ékòó sì máa ń pè ní aago 5 ìdájí láti bèèrè bóyá wọ́n jíire.

Èyí tó wá lé e lórí ni pé lóru ọjọ́ kan wọ́n pariwo pé ó ti tún gbé àwọn. A gbé wọn, ó di Ìlọrin. Wọ́n gbé kiní tí wọ́n fi ń ka inú ẹ̀rọ náà lé wọn láyà, dókítà ní kò ta iná kankan o, pé ọkàn wọn ń lù jẹ́jẹ́ ni ní gbogbo òru yẹn. Bàbá bínú gan, wọ́n ní ṣé àwọn wá ń parọ́ ni. Ẹ jọ̀ọ́ ta ló mọ̀ nípa irú nǹkan báyìí?

ÀjàṣẹBoy

Ẹ̀rọ ní òun ò ta iná, bàbá ní nǹkan gbé àwọn. Ta ló wá gbé wọn lóru? Àǹtí, ẹ má fojú dókítà nìkan wò ó, ẹ tanná wo ìdí ọ̀rọ̀ yìí. Ayé le.

Bọ̀déỌ̀ffà

ÀjàṣẹBoy, má dáyà já èèyàn jàre.

Àǹtí mi, èmi tí mò ń kọ eléyìí, ICD wà láyà mi bí mo ṣe jókòó yìí. Ohun tó ṣe bàbá yín ti ṣe mí rí. Mo sùn, oorun ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ máa gbé mi lọ ni, gbàm! mo ta jí, mo di àyà mú, òógùn bò mí, mo ní kí ìyàwó mi pe ẹ̀gbọ́n mi kó gbé mọ́tò wá. Nígbà tí wọ́n ka ẹ̀rọ náà, kò sí nǹkankan. Gbogbo iná tó bá ta ló máa ń kọ sílẹ̀ sínú, ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀ àti aago tó lù, kò sí bó ṣe máa ta á tí ò ní hàn níbẹ̀. Ojú tì mí lọ́jọ́ náà, àfi ìgbà tí dókítà jókòó tó ṣàlàyé fún mi pé nǹkan tí wọ́n mọ̀ dáadáa ni, phantom shock ni wọ́n ń pè é, pé ọ̀pọ̀ àwọn tó ń lo ICD ló máa ń rí i, ojú oorun tàbí ìgbà téèyàn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tòògbé ló sì wọ́pọ̀ sí, pàápàá lára ẹni tí iná gidi ti gbé rí tàbí ẹni tí ìpayà tàbí ìrẹ̀wẹ̀sì ti mú. Kò pè mí lónírọ́. Ó ní ara mi gbọ́ ọ lóòótọ́, ọpọlọ ló tún nǹkan àná gbé jáde.

Torí náà ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú ilé sọ fún bàbá pé kò sí nǹkan tó ṣe wọ́n. Ọ̀rọ̀ yẹn nìkan tó láti má jẹ́ kéèyàn sùn.

NọọsìFate

Ẹ kú ìtọ́jú bàbá o. Bọ̀dé ti sọ ọ́ dáadáa, màá fi díẹ̀ kún un.

Kí n tó sọ̀rọ̀ ìpayà rárá, ìbéèrè kan: àga tí bàbá ń jókòó sí yẹn, ṣé torí ẹ̀rù ni wọ́n ṣe ń jókòó síbẹ̀ àbí torí pé èémí wọn kì í délẹ̀ tí wọ́n bá fẹ̀yìn lélẹ̀? Ọ̀rọ̀ méjèèjì yàtọ̀ síra o. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ ò bá lágbára, omi lè máa kó sínú ẹ̀dọ̀fóró, tó bá dùbúlẹ̀ á máa mí gúlegúle, á wá fi ìrọ̀rí mẹ́ta mẹ́rin gbé orí sókè tàbí kó kúkú jókòó mọ́jú. Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, tí ẹsẹ̀ tún ń wú, ẹ gbé wọn padà lọ sọ́dọ̀ dókítà, ẹ má dúró gbọ́ ìmọ̀ràn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹ tún bi màámi bóyá wọ́n máa ń hanrun tí èémí á dúró díẹ̀ kó tó tún bẹ̀rẹ̀, torí ìyẹn náà wọ́pọ̀ lára àwọn tó ní àìsàn ọkàn, ó sì máa ń já oorun gan.

Lẹ́yìn náà oògùn. Mi ò mọ èyí tí wọ́n ń lò, ṣùgbọ́n àwọn oògùn tó ń dín eré ọkàn kù, bíi metoprolol àti propranolol, máa ń wọ inú ọpọlọ, wọ́n lè fa àlá burúkú kí wọ́n sì máa jí èèyàn. Atenolol ò fi bẹ́ẹ̀ wọ ibẹ̀. Ẹ má gbọ́ eléyìí kẹ́ ẹ lọ dá a dúró fúnra yín o! Tí wọ́n bá já a lójijì ọkàn lè tún gbéra eré, ẹ̀rọ á sì ta iná gidi. Dókítà lẹ máa sọ fún. Bẹ́ẹ̀ náà ni Lasix tó ń mú èèyàn tọ̀, tí wọ́n bá ń lò ó nírọ̀lẹ́, kò sí bí wọn ò ṣe ní máa dìde lóru.

Ní ti ìpayà yẹn gan-an, kì í ṣe bàbá nìkan. Wọ́n kó ìwádìí lóríṣiríṣi jọ lọ́dún 2011, wọ́n rí i pé nínú ẹni 100 tó ń lo ICD, bíi 11 sí 28 ló ní ìrẹ̀wẹ̀sì tó ti di àìsàn, bíi 11 sí 26 sì ló ní àìsàn ìpayà. Wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ yìí séèyàn lára láti 1980, Baltimore l'Amẹ́ríkà ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe é, iṣẹ́ dókítà Mirowski àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni, wọ́n sì ti mọ̀ tipẹ́ pé ó lè gba ẹ̀mí là kó sì kó ẹ̀rù bá ẹni tó gba ẹ̀mí ẹ̀ là. Ẹ̀rù lóru sì máa ń pọ̀ ju tọ̀sán lọ, ilé á dákẹ́, èèyàn á wá máa fetí sí àyà ara ẹ̀.

ÌyáÌbejìAdéwọ́lé

Nọ́ọ̀sì ẹ kú làákàyè. Ẹ jẹ́ n sọ tèmi, ìyàwó aláìsàn ni mí, wọn kì í bi àwa léèrè.

Pacemaker ni ọkọ tèmi ní, èyí tó ń ti ọkàn tó bá ń falẹ̀, kì í ta iná bíi ti bàbá yín. Ẹ gbọ́, ọkùnrin yìí ń sùn! Èmi ni mi ò sùn. Màá na ọwọ́ lé e láyà lóru wò bóyá ó ń mí, màá gbé etí sún mọ́ imú ẹ̀, tó bá yí padà màá tan iná. Títí ó fi di ọjọ́ kan tó sọ pé ìwọ obìnrin yìí, o ò jẹ́ n sùn mọ́, ẹ̀rọ ń ṣọ́ mi, ìwọ náà tún ń ṣọ́ mi. Mo sunkún lọ́jọ́ náà, mo ní ìfẹ́ ni. Ó ní òun mọ̀ pé ìfẹ́ ni, ṣùgbọ́n tí òun bá ti ń rí ojú mi lókè orí òun lóru, òun á rò pé nǹkan ti ń ṣe òun ni.

Àǹtí, ọmọ tó ń tan tọ́ọ̀ṣì sí bàbá lójú yẹn, ẹ jọ̀ọ́ ẹ ní kó lọ sùn. Ìpè aago 5 yẹn náà ńkọ́? Èèyàn tó jẹ́ pé aago 4 ni oorun ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e! Kí ẹ̀yin tó wà l'Ékòó máa pè ní aago 10, wọ́n á ti jí, wọ́n á ti jẹun.

ÀáfàGàmbàrí

Ọlọ́hun á fún bàbá ní àlàáfíà. Ọ̀rọ̀ ìyá ìbejì yìí dùn mọ́ mi nínú. Mo fẹ́ bá àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì bàbá àti àwa náà wí pọ̀, ẹ má bínú. Àdúrà dára, ṣùgbọ́n tá a bá lọ jókòó yí aláìsàn ká títí aago 11, tá à ń pariwo ikú ò ní pa ọ́, ikú ò ní pa ọ́, báwo ló ṣe fẹ́ lọ fi ojú lé oorun tí ikú ò ní wà lọ́kàn ẹ̀? Ẹ wá ní ìrọ̀lẹ́, ẹ ṣàdúrà ṣókí, ẹ sọ ọ̀rọ̀ tó máa pa á lẹ́rìn-ín, kẹ́ ẹ máa lọ. Tó bá jẹ́ mùsùlùmí ni, kó ka Áyátúlì Kúrúsíyù rẹ̀ kó fọwọ́ rọrí, kó sì lo oògùn ẹ̀. Èyí ò ba ìyẹn jẹ́.

ÀjàṣẹBoy

Àáfà, mo gbọ́ o. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ̀ pé nǹkan wà.

ÀáfàGàmbàrí

Nǹkan wà, mo gbà. Ẹni tó bá wá ń sọ ọ́ sétí aláìsàn lálaalẹ́ ló ń bá nǹkan náà ṣiṣẹ́.

AlhajaPàkátà

Hahaha, Àáfà yìí ò dáa.

Ẹ kú ìjókòó ẹ̀yin ọmọ mi. Èmi náà ni pacemaker, ọmọ mi ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbà á, ẹnì kan ní àdúgbò wa wá kí mi, ó ní Alhaja, ṣé ẹ mọ̀ pé ara òkú òyìnbó ni wọ́n ti ń yọ kiní yìí? Ó tún ní tí ọjọ́ bá pé, ẹ̀rọ ò ní jẹ́ kí ẹ̀mí yín bọ́, ẹ ó kàn wà níbẹ̀. Ó jẹ wàrà tí mo gbé síwájú ẹ̀ tán, ó dìde, ó lọ sílé ẹ̀ lọ sùn. Èmi ni mi ò sùn mọ́! Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rí òyìnbó lójú àlá. Mi ò lè sọ fún àwọn ọmọ torí wọ́n á ní màmá ti ń darúgbó. Ìgbà tí mo wá bi dókítà ló rẹ́rìn-ín, ó ní tuntun ni tèmi, inú páálí rẹ̀ ni wọ́n ti yọ ọ́ lójú àwọn ọmọ mi. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí bàbá sùn, ẹ kọ́kọ́ wádìí ẹni tó wá kí wọn.

NọọsìFate

Alhaja mi, ẹ pa mí lẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ n dáhùn méjèèjì torí ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń bèèrè é.

Ẹ̀rọ tí wọ́n yọ lára òkú, ó wà lóòótọ́. Yunifásítì Michigan l'Amẹ́ríkà ní ètò kan tí wọ́n ń pè ní My Heart Your Heart, wọ́n á gba pacemaker lọ́wọ́ ẹbí olóògbé, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á pa gbogbo kòkòrò inú ẹ̀, wọ́n á yẹ bátìrì ẹ̀ wò, kí wọ́n tó fi ran àwọn tí ò lówó tuntun lọ́wọ́ ní ilẹ̀ bíi tiwa. Kò sóhun tó burú níbẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́dọ̀ sọ fún aláìsàn kó tó tọwọ́ bọ̀wé. Kò lè jẹ́ ẹnu àlejò lèèyàn á ti gbọ́ ọ.

Èkejì, pacemaker ò lè dá ikú dúró. Iná kékeré ló ń ta sí ọkàn pé kó lù, tí èémí bá ti tán lára, ọkàn ò ní dá a lóhùn. ICD ní tiẹ̀, tí àìsàn míì bá ti mú èèyàn dé ibi tí ìwòsàn ò sí mọ́, òun tàbí àwọn ẹbí rẹ̀ lè bá dókítà sọ ọ́ kí wọ́n pa ibi tó ń ta iná yẹn, kò ní dun èèyàn rárá.

Ẹ má sì bẹ̀rù pé ẹ̀rọ máa ń dín ọjọ́ ayé kù. Ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ fi pacemaker sí lára láyé, Arne Larsson, ọmọ ilẹ̀ Sweden, 1958 ni wọ́n fi sí i. Ó pààrọ̀ rẹ̀ ju ìgbà 20 lọ, ó wá kú ní 2001 lẹ́ni ọdún 86. Dókítà tó fi sí i àti ẹnjiníà tó ṣe é ti kú ṣáájú rẹ̀.

AlhajaPàkátà

Alhamdulillahi! Màá gbé eléyìí lọ bá obìnrin yẹn.

ỌmọÒmùÀrán

Ẹ ṣé gan gbogbo yín. Nọ́ọ̀sì, wọ́n máa ń fẹ̀yìn lélẹ̀ gbalaja lọ́sàn-án, èémí wọn délẹ̀, ẹsẹ̀ ò wú. Lasix wọn wà fún aago 6 ìrọ̀lẹ́, èmi ò tiẹ̀ mọ̀ pé ó kan oorun. Mo ti pe dókítà, ó ní ká gbé e sí àárọ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ wá gbọ́ èyí tó yà mí lẹ́nu. Àwa ọmọ ti bi bàbá títí pé kí ló dé tí wọn ò wọ yàrá, wọ́n á ní ooru ń mú. Ẹ̀gbọ́n wọn wá láti Ìsánlú-Ìsin, àwọn méjèèjì jókòó síta lálẹ́, wọ́n ń jẹ ẹ̀pà. Ọ̀rọ̀ jáde. Bàbá ní àwọn kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì torí màámi. Wọ́n ní tí kiní yìí bá gbé àwọn lóru nígbà tí ara àwọn kan ara ìyá yín, á pa á. Ẹ̀rù màámi ló ń ba bàbá! Màámi ní tiwọn rò pé bàbá ò fẹ́ràn àwọn mọ́ látìgbà àìsàn, wọ́n ti ń dá sunkún. Inú ilé kan náà o.

Bọ̀déỌ̀ffà

Háà. Mo mọ ẹ̀rù yẹn. Èmi ò jẹ́ kí ọmọ mi kékeré sùn lé mi láyà fún ìgbà pípẹ́. Bọ́ọ̀lù tí mo máa ń wò pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ mi, mi ò lọ mọ́, kí inú mi má lọ dùn jù. Nǹkan tàwọn ọkọ àti aya ń ṣe gan-an, mo sá fún un. Kò sẹ́ni tó ní kí n má ṣe é o, èmi ni mo ń fi òfin de ara mi. Bí mo ṣe ń sá fún nǹkan tó yìí náà ni oorun ń kúrò lójú mi tó.

NọọsìFate

Ẹ sọ fún bàbá àti màámi lónìí, ẹ má jẹ́ kó di ọ̀la: ẹni tó bá fara kan aláìsàn nígbà tí ICD ta iná lè gbọ́ ọ wìnnìwìnnì lára díẹ̀, kò lè ṣe é ní jàǹbá kankan. Ìyàwó, ọmọ, ọmọ-ọmọ, gbogbo wọn lè dì mọ́ wọn.

Ẹ tún kọ eléyìí sára ògiri, torí ẹ̀rù máa ń dín kù tí gbogbo ilé bá mọ nǹkan tí wọ́n máa ṣe. Tó bá ta iná lẹ́ẹ̀kan tí ara bàbá balẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀, ẹ pe dókítà, kò di dandan kí ẹ máa sáré lóru. Tó bá ta á lẹ́ẹ̀kan tí òòyì ń kọ́ wọn, tí àyà ń dùn wọ́n tàbí tí èémí ò délẹ̀, tàbí tó bá ta á lẹ́ẹ̀mejì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láàrin wákàtí 24, ọsibítù lójú ẹsẹ̀.

ỌmọÒmùÀrán

Mo ti fi ránṣẹ́ sí wọn lórí WhatsApp, mo tún pè. Màámi ní kí n tún un sọ lẹ́ẹ̀kejì kí bàbá lè gbọ́ ọ dáadáa.

Ìbéèrè míì. Dókítà ní ká mú bàbá lọ rí ẹnì kan tó ń bá èèyàn sọ̀rọ̀ nípa ìrònú àti oorun. Bàbá ní ṣé wèrè ni wọ́n ń pe àwọn ni. Ẹni tó bá ti lọ rí, kí ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀?

Bọ̀déỌ̀ffà

Mo lọ. Mo dé fìlà bojú wọlé kẹ́nikẹ́ni má dá mi mọ̀, kí n wá bá tísà mi àtijọ́ níbẹ̀ lórí bẹ́ńṣì, àwa méjèèjì wojú ara wa.

Wọn ò fún mi ní oògùn oorun kankan. Wọ́n ní kí n máa jí ní aago kan náà lójoojúmọ́ ì báà jẹ́ pé mi ò sùn rárá lóru, kí n má sùn lọ́sàn-án, tí mo bá dùbúlẹ̀ tí oorun ò wá kí n dìde lọ jókòó síbòmíì, kí n padà tó bá ń kùn mí. Wọ́n tún dín àkókò tí mo fi ń wà lórí bẹ́ẹ̀dì kù. Àwọn ọjọ́ àkọ́kọ́ le o, mò ń tòògbé ní ṣọ́ọ̀bù, kọ́sítọ́mà ń jí mi. Lẹ́yìn náà la wá ń sọ̀rọ̀ lórí ọjọ́ tí iná gbé mi, mo rò ó fún un títí kò fi tún bà mí lẹ́rù bíi tẹ́lẹ̀. Mo padà síbi bọ́ọ̀lù. Phantom yẹn ṣì máa ń wá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, mo kàn máa ń wo aago, mo á mí kanlẹ̀, mo á mu omi, mo á padà sùn.

NọọsìFate

Ìtọ́jú tí Bọ̀dé sọ yìí ni ẹgbẹ́ àwọn dókítà Amẹ́ríkà, American College of Physicians, ní kí wọ́n kọ́kọ́ fi tọ́jú àìróorunsùn fún àgbàlagbà láti 2016, kí oògùn tó tẹ̀ lé e. Ẹ kàn sọ fún ẹni tó ń ṣe é pé bàbá ní àìsàn ọkàn, kó má dín àkókò bẹ́ẹ̀dì wọn kù jù. Àwọn oògùn oorun tí wọ́n ń tà káàkiri láìsí ìwé dókítà, ẹ má sún mọ́ ọn.

ỌmọÒmùÀrán

Ìròyìn o. Bàbá ti padà sí yàrá. Ọmọ tó ń tan tọ́ọ̀ṣì ti lọ sùn sí yàrá ọmọkùnrin, inú ẹ̀ dùn jù mí lọ. Ẹ̀gbọ́n bàbá mú wọn lọ síbi tí wọ́n ti ń ta ayò, wọ́n ní àwọn ọ̀rẹ́ wọn ti rò pé àìsàn ò jẹ́ kí wọ́n lè jáde mọ́ ni kò jẹ́ káwọn wá pè wọ́n. Wọ́n ṣì máa ń jí o, pàápàá tí iná bá dé lóru tí àwọn ọmọ àdúgbò bá pariwo, wọ́n á ta gìrì. Wọ́n ti gbà láti lọ rí ẹni yẹn, wọ́n ní ṣùgbọ́n kì í ṣe lọ́jọ́ ọjà, káwọn èèyàn má rí àwọn.

ÀjàṣẹBoy

Mo dúpẹ́ fún bàbá. Èmi ò tíì yí èrò mi padà pátápátá ṣá. Ẹ jọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì, jẹnẹrétọ̀ ńkọ́? Àǹtí mi kan náà ní pacemaker, abẹ́ fèrèsé yàrá wọn ni wọ́n ń tan án sí, ṣé kò ní da kiní yẹn rú? Wọ́n tún máa ń gbé fóònù lé àyà sùn.

NọọsìFate

Fóònù, ẹ jẹ́ kó jìnnà sí ẹ̀rọ ní ìwọ̀n 15 cm, kó má sùn lé àyà, àwọn tuntun kan ní mágínẹ́ẹ̀tì nínú. Jẹnẹrétọ̀ tó bá wà níta ò lè da pacemaker rú, kí wọ́n kàn má máa bẹ̀rẹ̀ lé e lórí nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n èéfín rẹ̀ lábẹ́ fèrèsé ń pa èèyàn lójú oorun, kò kan pacemaker. Ẹ lọ gbé e kúrò níbẹ̀ lálẹ́ òní.

ÀjàṣẹBoy

Mo ń pè wọ́n lọ báyìí.